Ọdún Tí Líbẹ́rà Di Èébú Ní Nyborg

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹsàn-án 1988

Òjò kò rọ̀ lánàá, kò rọ̀ lónìí. Àgbàdo ẹ̀yìn ilé wa gbẹ kí ó tó gbó, ewé rẹ̀ ń dún bí ìwé ìròyìn tí atẹ́gùn bá ti kàn án. Wọ́n ní owó àgbàdo ti gòkè lọ́jà. Ta ló rí èyí tí yóò tà?

Ẹgbẹ́ wa rán ọ̀gbẹ́ni kan sí mi láti Sẹnt Pọ́ọ̀lù, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, Neil Corrigan lórúkọ rẹ̀. Ó de táì, ó sì wọ bàtà tí kò tíì tẹ ìgbẹ́ màlúù rí. Ó ní òun ni yóò darí ìpolongo mi títí di ọjọ́ ìdìbò. Mo kí i káàbọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láìsí ẹni tó ń darí mi. Ardis ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń wa mọ́tò, òun náà kì í darí mi, ó kàn máa ń bú mi ni.

Kí Neil tó mu kọfí tán ló ti sọ ohun tó gbé e wá. N kò gbọdọ̀ pe ara mi ní líbẹ́rà mọ́, ìyẹn ẹni tó gbà pé ó yẹ kí ìjọba ná owó láti ran aráàlú lọ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti di èébú káàkiri Amẹ́ríkà. Irọ́ kọ́ ló pa. Ẹni tí ń díje fún ipò ààrẹ lẹ́gbẹ́ kejì ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń dárúkọ àrùn, tiwa sì ń yẹra fún un bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lẹ àrùn náà mọ́ lára.

Ṣùgbọ́n ó wà lára pátákó mi. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti díje ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi kun wọ́n nínú gáréèjì, wọ́n sì wà níwájú ilé àwọn ènìyàn láti ibí títí dé etí odò: VERNA SKAUGEN. LÍBẸ́RÀ NI. Ẹ BI Í LÉÈRÈ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ni Neil wí, "tí wọ́n bá wá bi yín léèrè ńkọ́?"

Mo ní nítorí kí wọ́n lè bi mí ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ìpolówó Duane Ruhnke, ẹni tó ń bá mi díje, ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Duane ló ń ta irúgbìn fún ìdajì àgbẹ̀ àgbègbè yìí. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ ìtọ́jú ilé ní ilé ìwé, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tó burú lára rẹ̀. Wọ́n fi orin tí wọ́n fi ń ṣọ́ olè nínú sinimá bẹ̀rẹ̀ ìpolówó náà, ohùn ńlá kan wá bèèrè pé, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé líbẹ́rà ni Verna Skaugen?

Ardis rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti pa mọ́tò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Wọ́n ti tú ẹ láṣìírí, Verna. Ó ku kí wọ́n sọ fáráyé pé o máa ń wọ bàtà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, Neil fi ohun tí àwọn ènìyàn dáhùn nígbà tí ẹgbẹ́ wa pè wọ́n lórí fóònù láti wádìí ọkàn wọn hàn mí. Wọ́n fẹ́ràn ilé àwọn arúgbó tí mo jà fún. Wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó ń dé oko nígbà òjò dídì. Wọ́n ní kí ẹni tó ṣe é máa ṣe é lọ. Bí wọ́n bá ti wá sọ fún wọn pé líbẹ́rà ló ṣe é, wọ́n á sún sẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò mi ni o. Ó dùn mí wọ egungun.

Mo gbà kí a yọ pátákó náà. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wọlé, n kò sì fẹ́ kí agídí mi gbé ìjókòó náà fún Duane.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Èmi àti Ardis yọ gbogbo pátákó lónìí. Orúkọ mi nìkan ni yóò wà lára tuntun, pẹ̀lú àwòrán àgbàdo tútù, nínú ọdún tí kò sí àgbàdo tútù. Àwọn atẹ̀wé ní ó di ìparí oṣù. Neil ní ìyẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹsàn-án

A kò tíì jẹun àárọ̀ tán tí Lorna Stueve fi kan ilẹ̀kùn. Ó gbé abọ́ họ́tídíṣì ńlá kan dání, ẹran lílọ̀ àti ọbẹ̀ olú inú agolo, ọ̀dùnkún ló fi bo orí rẹ̀, ó ṣì gbóná láti inú ààrò. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní àwọn ń rántí mi nínú àdúrà, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó sì yára lọ. Mo sọ fún Ardis pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn ìpolongo yìí ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, abọ́ ti kún orí tábìlì, ó ti dé orí fìríìjì. Àwọn tí kò dìbò fún mi rí láyé wọn gbé tiwọn wá. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ dé, ó di ọwọ́ mi mú, ó bèèrè bóyá orin kan wà tí mo fẹ́ràn jù lọ. Ìgbà yẹn ni ara fu mí.

Ardis lọ fetí sílẹ̀ ní ilé onídìrí. Nígbà tó padà, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú rí i pé pátákó mi ti kúrò níwájú gbogbo ilé, wọn kò rí òmíràn, wọ́n sì ti pinnu pé àrùn jẹjẹrẹ ló ń ṣe mí, pé mo ti jáwọ́ nínú ìdíje kí n lè lọ kú ní ìrọ̀rùn. Kò sí ẹni tó bi mí. Àwa ará ibí kì í bi ara wa ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A máa ń se oúnjẹ sí i ni.

"Wọ́n lè gbà pé o ń kú lọ," ni Ardis wí nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán. "Pé ìwọ fúnra rẹ lo ní kí wọ́n yọ pátákó yẹn, ìyẹn ni kò lè wọ̀ wọ́n lórí."

Mo jẹ nínú ti Lorna. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Neil fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ara mi yá. Mo ní bí wọ́n bá rí i nínú ìwé ìròyìn, ìgbà yẹn gan-an ni wọn yóò lọ ra òdòdó ìsìnkú. Ohun tí a ó ṣe ni pé n ó dá abọ́ wọn padà. Orúkọ oníkálukú wà lórí téèpù lábẹ́ abọ́ rẹ̀, n ó sì máa dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Neil bèèrè bóyá kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ bá mi fi mọ́tò pín in kíá, kí n lè ráyè fún iṣẹ́ gidi. Ardis wò ó bí ẹni ń wo ọmọ òrukàn. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹni tí wọ́n gbé abọ́ fún ló ń dá a padà fúnra rẹ̀, abọ́ kì í padà lófìfo, wọn kì í sì í gba abọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní láti pè é wọlé, kí wọ́n gbé kọfí kaná.

Mo yan kéèkì ápù títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ápù ọdún yìí kéré nítorí ọ̀dá, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé Lorna àti Dale ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Lorna rí mi, ó dì mọ́ mi, ó wá bínú pé mi ò kú. Lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán, mo bi wọ́n ní tààrà pé kí ni wọ́n ń rò tí wọ́n bá gbọ́ líbẹ́rà. Lorna wo ọkọ rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wa bí ẹni pé àwa tó ṣẹ́kù síbí ni àwọn tí kò rí ibi lọ.

Ọ̀rọ̀ Dale yàtọ̀. Báńkì gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn ló ń tún ṣe báyìí. Mo dárúkọ òfin tí mo bá wọn gbé jáde, èyí tó ní kí báńkì jókòó bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Òfin dáadáa ni," ni Dale wí. "Ó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó wa lọ. Ẹ̀yin ẹ ń jíròrò ní Sẹnt Pọ́ọ̀lù, báńkì ń lu ilẹ̀ wa ní gbàǹjo níbí."

Mo mu kọfí mi tán, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ni. Ojú tì mí, kò sì yẹ kó má tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé dé ilé. Ìyàwó kan ní líbẹ́rà ni ẹni tó ń tú ọ̀daràn sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní owó orí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Aya àlùfáà kan ní àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni, èmi tí mò ń bá a kọrin nínú akọrin kan náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sí ẹni tó bá mi jà. Wọ́n ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí kò sí níjòókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Bakke, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń se oúnjẹ. Ẹ̀wà tó gbé wá jóná débi pé mo fi ọ̀bẹ ha abọ́ rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n fa wáyà iná dé oko wọn. Ó ní ìyá òun ń tan iná, ó ń pa á, ó ń tan án, títí bàbá òun fi ní kó jọ̀ọ́ ṣíwọ́.

"Bàbá rẹ ló fi ẹṣin rìn láti oko dé oko kí a lè fọwọ́ sí i," ni ó wí. "Líbẹ́rà ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà yẹn. Ènìyàn gidi ni wọ́n."

Mo ní líbẹ́rà lèmi náà, Bàbá. Ó gé kéèkì, ó gbé e sí iwájú mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹwàá

Pátákó tuntun dé. Wọ́n rẹwà. Wọn kò sọ nǹkan kan. Mo wò wọ́n nínú gáréèjì, mo wo àwọn tí a yọ, mo sì sọ fún Neil pé àwọn tí a yọ ló ń padà síta. Ó ní mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ti ara mi ṣubú. Mo ní bí ènìyàn bá fi ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó nínú ilé ìdáná mi, tí kò sì tíì mọ ìdí tí wọ́n ṣe sunkún fún mi, kò lè mọ bí mo ṣe ń wọlé. Neil di ẹrù rẹ̀. Ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹgbẹ́ yóò lọ ran àwọn tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́. Ardis dì í ní oúnjẹ ọ̀nà, ó fi ẹ̀wà Bàbá Bakke tó ṣẹ́kù sí i.

Ara mi fúyẹ́. Mo sùn bí òkúta.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá

Òjò rọ̀, nígbà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. A fi pátákó gúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹwàá

Àsè ẹja ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹja náà funfun, ó ń mì lórí àwo bíi ti ìgbàkigbà, òórùn rẹ̀ sì ti bá wa délé. Olùdíje kì í polongo níbẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Wọ́n so épúrọ́ọ̀nù mọ́ èmi àti Duane. Èmi ń gbé ọ̀dùnkún, òun ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ife bọ́tà yíyọ́, ó sì ń dà á sí ara ẹ̀wù àwọn àgbàlagbà.

Níbi tí a ti ń fọ abọ́ ló ti sún mọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú sí ti rédíò yẹn o. Láti ìlú ńlá ni wọ́n ti kọ ọ́ ránṣẹ́. Èmi kàn fọwọ́ sí i ni."

Mo ní kí ló dé tí n ó bínú, ohun tí mo kọ sára pátákó ni wọ́n kà. Ó ní ìyẹn gan-an ló ń da àwọn tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun láàmú. Wọ́n sọ fún un pé n ó sẹ́, wọ́n sì ti kọ ohun tí yóò sọ nígbà tí mo bá sẹ́. Mo rí i pé òun náà ní Neil tirẹ̀. Mo kàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹwàá

Èmi àti Duane jùmọ̀ sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò tó wà lókè ilé báńkì. Ó tẹ́ ìwé tó mú wá síwájú rẹ̀. Nígbà tó kàn án láti bi mí ní ìbéèrè, ó kà á láìgbójú sókè. "Ṣé líbẹ́rà ni yín? Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn àgbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mo fẹ́ kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, nítorí mo gbádùn rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Duane. Líbẹ́rà ni mí, líbẹ́rà ni bàbá mi. Nígbà tí àwọn tó ń ta iná sọ pé kò sí èrè nínú kí wọ́n fa wáyà dé oko wa, líbẹ́rà ló sọ pé ènìyàn ló ń gbé níbẹ̀, kí wọ́n fà á. Ohun tí mo ṣì ń sọ nìyẹn, nípa àwọn arúgbó wa, nípa àwọn ọmọ ilé ìwé. A ti pẹ́ dé ilé àwọn kan nínú yín, mo sì mọ orúkọ wọn. Bí líbẹ́rà kan bá sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò dára, mo bá a tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n n kò ní torí tirẹ̀ yí orúkọ padà."

Duane yí ìwé rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ó tún yí i sí iwájú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹwàá

Òjò dídì àkọ́kọ́. Wọ́n ti fa pátákó kan ya lẹ́bàá afárá. Ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Nyborg. Mọ́tò wa kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, Dale Stueve ló wá tún un ṣe, ìka rẹ̀ pọ́n nítorí òtútù. Ó ní òun gbọ́ mi lórí rédíò. Ó ní òun kò ní dìbò fún mi síbẹ̀síbẹ̀, Duane lòun yóò dìbò fún, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé òun wà lára àwọn tí mo ní mo mọ orúkọ wọn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ardis fẹ́ bú u, mo fún un ní ìgúnpá.

Ẹ̀rù kò bà mí. Bóyá ó yẹ kó bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo dìbò ní kùtùkùtù. Atẹ́gùn pọ̀.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo wọlé. Àlàfo ìbò kò fẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọlé. Ẹni tí ẹgbẹ́ wa fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ fìdí rẹmi pátápátá ní àgbègbè wa, àwọn kan náà tó kọ̀ ọ́ ló wo ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò tí wọ́n wá orúkọ mi rí. Duane wá fúnra rẹ̀ láti kí mi. Ardis jó nínú ilé ìdáná, ẹni ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́rin. Ayọ̀ mi kún àkúnwọ́sílẹ̀, n kò ní fi bò.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kọkànlá

Neil pè láti Sẹnt Pọ́ọ̀lù. Ó ní gbogbo wọn ní ọ́fíìsì ń yọ̀, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n rìn sí àárín. Mo ní àárín wo? Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí rédíò yẹn, pé ó wọ àwọn ènìyàn lára nítorí kò jọ ti líbẹ́rà rárá.

Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ dé. Àwòrán mi wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n ní Verna Skaugen, obìnrin tí kò ṣe tọ̀tún tí kò ṣe tòsì, tún ti borí.

Mo gbé e lọ sí ibi ìtajà ọkà, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń mu kọfí, nítorí n kò lè dá nìkan bínú. Bàbá Bakke dìde nígbà tó rí mi, ó pàtẹ́wọ́, ó sì ń sọ fún gbogbo wọn pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ibikíbi tí òun dé ni òun ti ń jà fún mi. Àwọn kan ní líbẹ́rà ni, òun ní irọ́ ni, òun mọ ọmọ yìí láti ìgbà tó ti ń rá, òun mọ bàbá rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ líbẹ́rà. Ó ní ó tó ogún ènìyàn tí òun fi ọ̀rọ̀ yẹn yí lọ́kàn padà.

"Bàbá, mo sọ fún yín nínú ilé yín. Mo sọ ọ́ lórí rédíò."

"Mo gbọ́," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó bá mi pa àṣírí mọ́. "Mo mọ̀ pé agídí lo fi sọ ọ́. Mo mọ̀ ẹ́, Verna."

Gbogbo wọn ń mi orí sí i, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí mi, àwọn tó dìbò fún mi. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Kò sí ohun tí mo lè ṣe fún wọn tí yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ti di orúkọ ẹni tí wọn kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti mọ ènìyàn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Mo fa àga, mo jókòó sí iwájú Bàbá Bakke tí eékún wa fi ń kan ara wọn. Mo bọ́ fìlà mi.

Mo ní, "Ẹ wojú mi dáadáa, Bàbá. Báyìí ni líbẹ́rà ṣe rí."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì wò mí.